Ọ̀RỌ̀ ÌLERA: Onígbáméjì Kì í Dúró De Ọkọ̀ Ilé

 

Àkókò òjò ni àrùn onígbáméjì máa ń gbilẹ̀, nítorí àgbàrá a máa ru ẹ̀gbin inú ṣálángá wọ inú kànga. Àwọn baba wa tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yìí mọ ohun tí ojú wọn rí: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Èyí tí ń jà lọ́wọ́ nínú ayé ni ìkeje irú rẹ̀. Indonéṣíà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970, kò sì tíì tán. Ní ọdún 2021 nìkan, àwọn tí a fura sí pé ó mú ní Nàìjíríà lé ní 111,000, àwọn tí ó kú sì lé ní 3,600. Bauchi, Jigawa, Kano àti Zamfara ni ó ni ju ìdajì àwọn aláìsàn náà lọ. Ilẹ̀ tí a ń gbé ni a ń sọ yìí.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: “Omi tí a ń fi owó rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ṣé òun náà ni kí a máa dà sílẹ̀?” Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ó ní ṣálángá kan, kì í ṣe ìwà ọ̀bùn ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìjọba ni ó sì yẹ kí ó fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí omi ẹ̀rọ tó dé, bùtá wà. Omi bùtá kan, bí a bá rọra ń dà á, tó ènìyàn púpọ̀ láti fi ọṣẹ fọwọ́. Bí ọṣẹ kò bá sí, eérú dára. Ohun tí a kò fẹ́ rí mọ́ níbi àsè wa ni abọ́ omi kan ṣoṣo tí ènìyàn mẹ́wàá ń ti ọwọ́ bọ̀. Ẹni kẹwàá kò fọwọ́ rárá, ìdọ̀tí ẹni mẹ́sàn-án ni ó fi ra ara. Omi tí a fi ń tọ́ ọmọ lẹ́nu níbi ìkómọ pàápàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sè é kí ó hó dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù.

Èyí tí ó ń dùn wá jù ni àṣà gbígbé aláìsàn wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ilé làbọ̀ sinmi oko, a kò jiyàn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n onígbáméjì tí ó le a máa gbẹ omi ara tán, ó sì lè pa alágbára láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ yóò fi odindi òru rìn. Àwọn tí wọ́n jókòó tì í nínú ọkọ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún kò tó ẹnì kan tí ń kú.

Bí ìgbẹ́ bá ti ń ya bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ ra ORS ní kẹ́mísìtì. Bí kò bá sí, ẹ da píọ̀ wọ́tà méjì, tí í ṣe lítà kan, sínú ohun mímọ́. Ẹ fi ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, kí ó má ga ju ẹnu ṣíbí lọ. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọmọ ọmú kò gbọdọ̀ ṣíwọ́ ọmú.

Ẹgbẹ́ wa a máa dá owó ọkọ̀ fún aláìsàn tí ń lọ sílé. A ń bẹ àwọn olóyè pé ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí akápò máa fi owó kan náà san kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí yóò gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn níhìn-ín, ní òru ọjọ́ náà gan-an.