"Kò Dẹ̀, Ó Jẹ Ni": Èrò kan lórí Èdè-Ìperí fún Àtúnṣe Ẹ̀rọ Léètì

Nígbà tí àwa onímọ̀ èdè bá jókòó láti ṣe èdè-ìperí, ọ̀rọ̀-orúkọ ni a máa ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe ni oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó là mí lójú sí èyí kò ju àtúnṣe ẹ̀rọ léètì kékeré kan tí ó ti gbó lọ, ní ìlú Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ ni ó di irin mú, tí ó sì ń yí i. Ọ̀bẹ kì í yí, ẹ̀gbẹ́ irin náà ni ó ń bá lọ tí ó ń gbẹ́ ẹ. Apá tí ó gbé ọ̀bẹ ń wọ́ lórí irin gígùn kan tí a ó máa pè ní pèpéle níhìn-ín. Ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń di ọ̀bẹ mú tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 1800 ni Henry Maudslay, ará Ìlú Ọba, ṣe èyí tí irin onídè gígùn kan ń ti ọ̀bẹ rẹ̀ lọ, tí ó fi lè gé ìdè bóòtù dọ́gbadọ́gba. Myford ML7 ni tèmi. Ní 1946 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, fún ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ irin ṣe ìgbafẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé e lọ ní Igbó-Ọrà, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ó ń ṣe: búùṣì ẹ̀rọ tí ó ń rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń fi gbẹ́.

Èmi ni mo kọ ìtọ́ni lórí àtúnṣe rẹ̀ ní èdè Yorùbá fún ọmọ-iṣẹ́ ibẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Bí ọ̀bẹ bá ń mì, fún bóòtù ẹ̀gbẹ́ apá tí ó gbé e." Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí orí ẹ̀rọ, ọ̀bẹ kò sì mì mọ́. Nígbà tí ó yí apá náà dé ìdajì pèpéle, ó há gbagidi. Ó fi agbára yí i, ọwọ́ ìyí kán. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó títí, ó ní: "Ọ̀gá, kò dẹ̀ o, ó jẹ ni. Ẹ ò lè fi fífún wo jíjẹ."

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ju ìwé mi lọ. Mímì kì í ṣe àrùn, àmì àrùn ni, gẹ́gẹ́ bí ara gbígbóná ti jẹ́ lára ènìyàn. Àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kéré tán, ni ó lè ba iṣẹ́ ẹ̀rọ náà jẹ́. Èkíní ni dídẹ̀: ohun tí ó dẹ̀, fífún ni ìwòsàn rẹ̀. Nínú orí irú ẹ̀rọ yìí, a máa ń bó awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kúrò lábẹ́ ìdérí irin rírọ̀ tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, kí a tó fún un padà. Èkejì ni jíjẹ. Ìtòsí orí ẹ̀rọ ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù, nítorí náà ibẹ̀ ni pèpéle ti máa ń jẹ jù. Bí a bá fún apá tí ó gbé ọ̀bẹ débi tí ó ti jẹ, yóò há níbi tí kò jẹ. Gbogbo ojú pèpéle ni a ní láti fá: a ó fi àwọ̀ pa irin títẹ́jú kan, a ó fi kàn án; ibi tí àwọ̀ bá mú ni ó ga, ibẹ̀ ni a ó sì fá. Ẹ̀kẹta ni lílọ́. Bí ọ̀bẹ bá gbẹ́ ọ̀pá kan nítòsí orí ẹ̀rọ àti lókèèrè, tí ìwọ̀n ibi méjèèjì kò bá dọ́gba, ó lè jẹ́ pé pèpéle ni ó lọ́. Irin pẹlẹbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni yóò tọ́ ọ.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà gba àkíyèsí. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" ṣẹ̀dá wọn, "ìjẹ" yóò fà wá sí oúnjẹ, "ìdẹ̀" yóò sì jọ "idẹ" lójú ìwé tí kò ní àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ idẹ gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ búùṣì. Àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ni ó yẹ kí á lò: dídẹ̀, jíjẹ, lílọ́. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pè é náà nìyẹn.

Àwọn kan lè sọ pé èdè ṣọ́ọ̀bù kò mọ́, pé léètì, búùṣì àti ṣáàfù ti kún inú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ àyálò kò pa ẹnikẹ́ni lára: bí a bá pè é ní ṣáàfù, gbogbo wa mọ ohun tí a ń wí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí a fi pe àrùn mẹ́ta ni ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo gbà pẹ̀lú pé ẹnu ọ̀gá kan kò tó láti fi ṣòfin. Ó yẹ kí á gbọ́ ti Ẹ̀rúwà àti Lánlátẹ̀, kí á sì dé Abẹ́òkúta, kí á tó fi ìdí ọ̀rọ̀ kankan múlẹ̀.

Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì ti fún olùkọ́ èdè ní ohun èlò iṣẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó wà nídìí ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ sí tirẹ̀. Àbá mi ni pé kí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí tí ó bá dojú kọ iṣẹ́ irin fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣáájú, kí wọ́n sì kọ ìwòsàn àrùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ti jó ọwọ́ ìyí tí ó kán padà, èmi náà sì ti tún ìtọ́ni mi kọ. Ohun tí ó wà ní ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ báyìí ni pé: "Kí o tó fún un, wò ó bóyá ó dẹ̀ ni tàbí ó jẹ."