Ọwọ́ Òfo Kì í Ṣe Pàṣípààrọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní àsìkò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi kàwé lókè-òkun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi kún òwe náà: ọmọ tí kò bá mọ ààlà oko bàbá tirẹ̀, kò ní ohun tí yóò fi wé oko ẹlòmíràn nígbà tí ó bá débẹ̀. Nínú oríṣiríṣi ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà kàwé ní òkèèrè, ọ̀kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù lọ. Òun ni ètò tí yunifásítì méjì fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Ètò yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó lọ sí ìlú òyìnbó láti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó gba oyè. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ onípàṣípààrọ̀ kò kúrò nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àlejò ni ó jẹ́ níbi tí ó lọ. Sáà kan tàbí ọdún kan péré ni yóò lò níbẹ̀. Èsì iṣẹ́ tí ó bá ṣe ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí a ó sì kà á mọ́ iṣẹ́ tí ó ti ṣe nílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbà á lálejò kì í béèrè owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn náà yóò rán ọmọ tiwọn wá lọ́nà kan náà. Bí ọmọ kan ti ń lọ ni òmíràn ń bọ̀. Orúkọ tí a sọ ètò náà bá a mu gidigidi. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ gbé iṣu wá sọ́jà, tí apẹja gbé ẹja wá, tí oníkálukú fi ohun tí ó ní sílẹ̀, tí ó sì gba ohun tí kò ní.

Àwọn tí ó dá irú ètò báyìí sílẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ni ó ṣẹ́kù káàkiri ilẹ̀ àjèjì. J. William Fulbright, aṣòfin àgbà láti ìpínlẹ̀ Arkansas, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé ní Oxford, dá a lábàá pé kí wọ́n ta àwọn ẹrù náà, kí wọ́n sì fi lára owó rẹ̀ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1946, Ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin náà. Báyìí ni owó ẹrù ogun ṣe di owó ìwé.

Lára àwọn tí ó jẹ àǹfààní ètò Fulbright ni Sofia Corradi, ọmọbìnrin ilẹ̀ Ítálì kan tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Columbia ní New York. Nígbà tí ó padà sílé ní ọdún 1958, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ̀ láti ka iṣẹ́ tí ó ṣe lọ́hùn-ún sí. Ìrírí yìí kò mú un rẹ̀wẹ̀sì. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tí ènìyàn kọ́ ní ilẹ̀ kan níyì ní ilẹ̀ kejì. Ní ọdún 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ètò Erasmus sílẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀mọ̀wé Rotterdam nì pè, ẹni tí ó gbé ní Paris, Cambridge àti Basel nítorí ìmọ̀. Orílẹ̀-èdè 11 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ni ó sì lọ ní ọdún àkọ́kọ́. Lónìí, àwọn tí ó ti bá ètò náà rìn ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ẹ rántí pé púpọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ni ó gbógun ti ara wọn ní ọdún 1914 àti ní ọdún 1939. Ọmọ Faransé tí ó ti bá ọmọ Jámánì jẹun pọ̀ fún ọdún kan, kò ní tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó bá ní kí ó kórìíra rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ètò náà kẹ́sẹ járí ni pé ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan dání wá. Ọmọ Faransé mọ Faransé, ọmọ Jámánì mọ Jámánì. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò nà rí ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo ọmọ Yorùbá kan láàárín irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ àṣà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì láti ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan yóò se oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì sọ díẹ̀ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ Jàpáànù yóò dìde, yóò fi bí àwọn ṣe ń kọ orúkọ ènìyàn hàn wọ́n. Ọmọ Ítálì yóò sọ ìdí tí ọbẹ̀ ìlú bàbá rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ìlú kejì. Bí ó bá wá kan ọmọ Yorùbá, tí wọ́n bi í ní ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, tí kò rí nǹkan sọ ju pé bàbá òun àgbà ni ó sọ òun bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bi í bí a ti ń yan ọba ní ìlú rẹ̀, tí ó ní òun kò mọ̀. Tí wọ́n ní kí ó kọrin, tí ó sì kọ orin Amẹ́ríkà tí àwọn onílé mọ̀ jù ú lọ, ǹjẹ́ a lè sọ pé ẹni náà ṣe pàṣípààrọ̀? Rárá o. Ó ra ọjà àwìn, kò sì ní ohun tí yóò fi san gbèsè. Ilé rẹ̀ kò tòṣì. Òun ni kò wọ inú àká bàbá rẹ̀ wò rí.

Àwọn àjèjì ti wọ inú àká náà. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí ilẹ̀ wa. Ó gbé ní Òkukù, ó kọ́ èdè Yorùbá títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì jókòó ti àwọn obìnrin tí ń ki oríkì. Ní ọdún 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1991, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí oríkì Òkukù. Àwọn obìnrin tí ó kọ́ ọ kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì láti kàwé, síbẹ̀ wọ́n ní ohun tí ọ̀mọ̀wé tí ó ti òkè-òkun wá fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti fi àṣà wọn sílẹ̀ fún àtọmọdọ́mọ, yunifásítì wọn dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1959. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí E. L. Láṣebìkan fi ti ilẹ̀ wa lọ láti kọ́ wọn ní Yorùbá. Ní Ìbàdàn, yunifásítì ní ibùdó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ti wá kọ́ èdè náà. Ètò Fulbright sì ti mú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá tàbí Ígbò, kí àwọn náà sì máa kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Èdè tí a ń fi owó ìtanràn lé kúrò lẹ́nu ọmọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, òun gan-an ni ó di ìwé ìrìn-àjò fún àwọn wọ̀nyí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ kẹ́místìrì, tí ó sì ti jókòó lẹ́bàá ìkòkò aró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, ní ẹ̀kọ́ tí ó lè kọ́ olùkọ́ rẹ̀. Yóò ṣàlàyé bí wọ́n ti ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń rọ ọ́ ní ìṣù, tí wọ́n ń sá a gbẹ. Bí wọ́n ti ń sẹ́ omi eérú sí i, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan. Yóò sọ ìdí tí aṣọ fi ń jáde ní àwọ̀ ewé látinú ìkòkò, tí ó sì ń di aró nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ẹni tí ó sì kọ́ ìṣirò lè sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí Yorùbá bá pe 45, ohun tí ó ń wí ni pé márùn-ún dín nínú àádọ́ta. Pé àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá dín nínú ọgọ́ta. Pé ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Ìṣirò mẹ́ta ni ó wà nínú nọ́ńbà kan tí ìyá aláta ń pè lọ́jà láìronú. Èwo nínú àwọn olùkọ́ ìṣirò ní ayé ni kò ní fẹ́ gbọ́ èyí?

Àwọn mìíràn yóò tún wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò lọ́hùn-ún, pé Yorùbá yóò dí i lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bábátúndé Fáfúnwá, tí òun náà gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York ní ọdún 1955, ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò gbẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an.

Kò tó kí akẹ́kọ̀ọ́ di ẹrù rere láti ilé. Ó gbọdọ̀ tú u nígbà tí ó bá débẹ̀. Òtútù yóò mú un, oúnjẹ yóò ṣàjèjì sí i, àárò ilé yóò sọ ọ́. Nígbà náà ni yóò fẹ́ láti máa bá kìkì àwọn ará ilé gbé, kí ó máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó máa bá wọn jẹun. Ìtura wà nínú èyí, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi yí po, ó ti san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ibi tí kò kúrò.

Ó sì gbọdọ̀ padà wálé. Òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ là á sílẹ̀ pé ẹni tí ètò Fulbright bá gbé wá gbọdọ̀ lo ọdún méjì ní ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lè wá fìdí kalẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan ka òfin yìí sí ìdíwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó ń sọ ètò náà di pàṣípààrọ̀. Àyè tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá sá pamọ́ sílẹ̀ àlejò nígbà tí àkókò rẹ̀ pé ti ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nítorí náà, kí àwọn òbí tí ń tọ́jú owó fún ìrìn-àjò ọmọ má gbàgbé láti tọ́jú ẹnu ọmọ náà pẹ̀lú: kí wọ́n sọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ fún un, kí wọ́n kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ dẹ́kun gbígba owó ìtanràn lórí èdè tí a dá wọn sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ sì jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà kí ó tó lọ gba físà, nítorí físà yóò ṣí ẹnu ọ̀nà fún un lásán. Ohun tí ó bá gbé dání ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n nínú ilé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ayé ti rí nìyẹn: olúkúlùkù ni ó ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, ẹni tí ó bá sì mọ ibi tí ọwọ́ tirẹ̀ dé ni àwọn ẹlòmíràn yóò fi ayọ̀ bá ṣe pàṣípààrọ̀.