Ẹ yé fi 777 kọ́ image

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Linux image, "chmod -R 777" kì í ṣe àtúnṣe o. Ìmẹ́lẹ́ ni.

2/ Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, rírọ́ọ̀nù jẹ́ 1. Àpapọ̀ ẹ̀, 7: fún onífáìlì, fún gúrúùpù, fún gbogbo ayé. Ṣé ẹ lè há kọ́kọ́rọ́ yàrá yín fún gbogbo face-me-I-face-you ní Agbowó?

3/ Lórí laptop yín, ẹ̀yin lẹ máa jìyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo sáfà tó bá ti inú image yẹn jáde ló máa jogún ẹ̀, tòun ti dátà oníbàárà.

4/ Nínú Dockerfile, root ni COPY máa ń fi fáìlì lé lọ́wọ́. Ẹ fi --chown sọ ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ wá lo USER.

5/ "Permission denied" kì í ṣe ọ̀tá yín. Ìbéèrè ló ń bi yín: ta ló ni fáìlì yìí? Ẹ dáhùn.