Ọwọ́ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò



Ẹ mọ ọrun tí àwọn baba wa ọdẹ ń lò. Igi àti osán ni. Ní ọdún 1969, ará Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, gba ìwé àṣẹ lórí ọrun mìíràn tí ó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké ní etí rẹ̀ méjèèjì. Bí tafàtafà bá fa osán rẹ̀ dé òpin, àwọn kẹ̀kẹ́ náà ni ó ń ru púpọ̀ nínú ẹrù. Ọwọ́ á wá fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá fún ọrun yìí pọ̀ jù, ọrun á yí díẹ̀. Ìdí ọfà á sì máa jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Wọ́n á na bébà síwájú, wọ́n á ta ọfà gba inú rẹ̀ kọjá. Bí bébà bá ya gùn sí ẹ̀gbẹ́, ọlọ́gbọ́n á kọ́kọ́ tún ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sún ibi tí ọfà jókòó lé, díẹ̀díẹ̀.

Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa. Ìlú ọ̀pẹ ni Pobè. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbí. Àdá àti ọkọ́ ni a ń dì mú lójoojúmọ́. Obìnrin á mú ọkọ́ tí a gbẹ́ èèkù rẹ̀ fún ọwọ́ ọkùnrin. Kó tó di ọ̀sán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti bó. Wọn á ní ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ! Ẹ jẹ́ kí a bá a fá èèkù náà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi ká a.

Bákan náà ni ní kíláàsì wa. Ọwọ́ tí ó di ọkọ́ mú láti àárọ̀, gègé tín-ín-rín á máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìtìjú á mú ẹlòmíràn, kò ní wá mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ di gègé náà mú pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ṣì ń yọ̀, ẹ wé àkísà díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè nípọn.

Àwọn kan á ní òṣìṣẹ́ tí kò mọṣẹ́ ni ó ń bá irinṣẹ́ jà. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti tọ́ tí iṣẹ́ kò sì lọ, irinṣẹ́ ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má bú ẹni tí ó ń lò ó.

Àwọn àgbà ní, bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Gègé ni èèkù tiwa. Ẹ jẹ́ kí ó bá ọwọ́ yín mu.