Ẹ má tíìkì "No CA certificate is required" mọ́!

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí UK wá ka Master's pè mí lánàá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí eduroam lò lórí Ubuntu mi!" Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń bá a jà. Mo ní báwo ló ṣe ṣe é? Ó ní àwọn IT ilé ìwé òun ló sọ pé àwọn kì í bójú tó Linux, pé kóun ṣáà tíìkì "No CA certificate is required". Inú ẹ̀ ń dùn. Tèmi bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ ná. Orúkọ kan náà ni Wi-Fi yìí ń jẹ́ ní gbogbo yunifásítì tó ń lò ó káàkiri ayé. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé ẹ̀rọ kékeré kan jókòó sí ibùdókọ̀, kó sọ ọ́ ní eduroam. Ìwé ẹ̀rí yẹn ni kọ̀ǹpútà yín fi ń mọ̀ pé ilé ìwé gan-an ló ń bèèrè password. Ẹni tó bá tíìkì ibẹ̀ ti sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ̀ pé: "Ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn, ṣí i fún un, má bi í pé ta ni."

Ẹlòmíì á ní, ṣebí wọn kì í fi password ránṣẹ́ ní gbangba? Òótọ́ ni, àmọ́ MSCHAPv2 tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń lò, wọ́n ti fi hàn láti 2012 pé ó ṣeé tú. Password yẹn kan náà ló sì ń ṣí email wa àti èsì ìdánwò wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Linux ló le jù. Àyè ìwé ẹ̀rí àti ti orúkọ server wà nínú NetworkManager. Google gan-an ti yọ irú àyè "má yẹ̀ ẹ́ wò" bẹ́ẹ̀ kúrò lórí fóònù Pixel láti oṣù Kejìlá 2020. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ IT fúnra wọn ló ń la ògiri?

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ lọ sí cat.eduroam.org, ẹ mú orúkọ ilé ìwé yín, ẹ gba ti Linux, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Òun fúnra ẹ̀ á to gbogbo ẹ̀ fún yín. Bí ilé ìwé yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí IT, kí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí náà àti orúkọ server wọn. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àánú.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ tẹ journalctl -u wpa_supplicant. Bẹ́ ẹ bá rí "unsafe legacy renegotiation disabled", server ilé ìwé ló ti gbó. Láti ìgbà tí Ubuntu 22.04 ti gbé OpenSSL 3 dé ló ti ń hàn. Ẹ fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tíìkì ibẹ̀, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì yí password yín padà lónìí. Owó ilé ìwé wa ò dín torí pé Linux là ń lò, kí wọ́n má dín ààbò wa kù.