TÁYÀ ỌKỌ̀ LẸ́SẸ̀ ALÙPÙPÙ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá àṣà kan wí tí ó wà láàrin àwọn kan tí ń gun alùpùpù ńlá ní Amẹ́ríkà: wọn a bọ́ táyà ẹ̀yìn alùpùpù wọn kúrò, wọn a sì fi táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọlọ́kadà wa ní Òjòó fetí sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun tí ó sún àwọn ará ibẹ̀ ṣe é ni ó ń dààmú àwọn náà: ọ̀wọ́n táyà.

A kò ní sọ pé kò sí èrè níbẹ̀. Rọ́bà táyà ọkọ̀ le ju ti alùpùpù lọ, kì í sì í tètè jẹ. Ó lè ru ẹrù wúwo, ẹni tí ń rin ọ̀nà jíjìn yóò sì rí owó fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n alùpùpù kì í ṣe ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó dúró sí. Alùpùpù ní láti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyí tí a fi ṣe táyà rẹ̀ kí ó rí roboto bí ẹ̀yìn igbá. Bí èyí tí a fi táyà pẹlẹbẹ sí bá tẹ̀, igun táyà náà ni yóò máa fi rìn. Etí táyà ọkọ̀ kò sì bá ríìmù alùpùpù mu. Ó lè yọ lórí eré. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kì í tẹ̀, ni ewu yíyà yìí kò kàn.

Lóòótọ́, ríìmù ọ̀kadà tiwa tín-ín-rín, táyà ọkọ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹni tí ó fi táyà tí ó fẹ̀ ju ríìmù lọ sí i ń tọ̀, àti ẹni tí ó ra àlòkù tí ó ti dán bí àtẹ́lẹwọ́, tí ó ní yóò ṣì gbé òun. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sí ọ̀nà Òjòó sí Mọ́níyà, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré kọjá, tí èrò ọjà Ṣáṣá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, táyà tí kò ní ojú mọ́ kò lè di ilẹ̀ mú. Èrò náà kò mọ irú táyà tí ó wà lábẹ́ òun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni yóò fi san gbèsè rẹ̀. Táyà ní ààrọ̀. Ẹ̀mí kò ní.

A kò dá ọlọ́kadà nìkan lẹ́bi. Ní ọdún 2007 ni Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó gbójú lé táyà òkè òkun kò lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́n.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Kò yẹ kí irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ń rọ ìjọba kí ó máa yẹ táyà wò ní ibùdókọ̀, kí ó sì kìlọ̀ kí ó tó gba alùpùpù ẹnikẹ́ni. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà máa ra táyà tuntun lápapọ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí àwọn fọganáísà wa sì kọ̀ láti fi táyà tí kò bá ríìmù mu sí ẹsẹ̀ alùpùpù, bí ó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ wọ́n tó.