Ìtìjú ló ń dí àgbàlagbà lọ́wọ́ lórí yìnyín, kì í ṣe òtútù

Nígbà tí Kwame Nkrumah-Acheampong ṣojú Ghana nínú ìdíje slalom ní Olympics ìgbà òtútù tó wáyé ní Vancouver lọ́dún 2010, àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ghana, lórí yìnyín? Èèyàn 102 ló bẹ̀rẹ̀ eré náà, 48 péré ló parí rẹ̀. Ipò 47 ló wà. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò ka àwọn tí kò parí eré rárá.

Ṣùgbọ́n Vancouver kọ́ ló yẹ kéèyàn wò jù. Glasgow ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, Ghana ló dàgbà sí, Milton Keynes nílẹ̀ England ló sì ti kọ́kọ́ de ski mọ́ ẹsẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe yìnyín sí, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ agbàlejò. Ó ti lé lọ́mọ ọdún 25.

Ẹni tó ń kọ́ ski kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí eré sísá. Bí wọ́n ṣe ń dúró ló máa kọ́kọ́ kọ́, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré. Bàtà rẹ̀ le gan-an, kì í jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ yí. Olùkọ́ á ní kó mú ṣóńṣó iwájú ski méjèèjì sún mọ́ra, kó ti gìgísẹ̀ síta, kí wọ́n rí bí orí ọfà. Etí wọn á máa ha yìnyín, ìrìn á sì falẹ̀. Ó rọrùn létí. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀, ara á fẹ́ fà sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹni tó bá fẹ̀yìn kò ní lè darí ski rẹ̀ mọ́, ńṣe ni eré á máa pọ̀ sí i. Àfi kó tẹ orúnkún, kó fi ojúgun ti iwájú bàtà, kó kọjú sí ìsàlẹ̀ tó ń bà á lẹ́rù. Yóò ṣubú. Ọmọ ọdún mẹ́fà á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fìrì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ní London tàbí Chicago kò lè fara dà nìyẹn. Òtútù ni wọ́n ń fi ṣe àwáwí, àwọn tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí nínú oṣù January lọ síbi iṣẹ́! Òótọ́ ni pé owó wà níbẹ̀, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé kò sì jẹ̀bi tó bá yẹra. Ẹni tó lówó ńkọ́? Ó lè sanwó kí ọmọ rẹ̀ bá ilé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ ọ ní France, àmọ́ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí Dádì Túndé nílẹ̀ gbalaja.

Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Láti ọdún 1984 ni Lamine Guèye ti ṣojú Senegal ní Sarajevo, Samuel Ikpefan, tí wọ́n bí ní France, sì ṣojú Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022.

Àgbàlagbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Britain kò nílò òkè Alps. Irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ wà ní Milton Keynes, ó wà ní Manchester. Wọ́n ń yá èèyàn ní bàtà àti ski níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni kó má gbàgbé.